Ìlà Mẹ́rin Lójú Ẹ̀rọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ni mo kọ́kọ́ rí Làtíìfù. Aago ìrun tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aago náà ní ojú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àkókò ìrun máa ń hàn lórí rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo rí i pé gbogbo lẹ́tà ti pòórá. Àpótí dúdú mẹ́rìndínlógún ni ó tò síbẹ̀ bí eyín tí ó ti bàjẹ́.

Ìsọ̀ Làtíìfù wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtajà gbọọrọ tí ó wà ní Rye Lane ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín obìnrin tí ó ń ta irun àti ọkùnrin tí ó ń ta ẹja gbígbẹ. Ìsọ̀ náà kò ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè dúró sí lọ.

"Ẹ káàsán o, sister," ni ó wí láìgbé ojú sókè. "Fóònù ni àbí kọ̀ǹpútà?"

"Aago ni. Ó ti kú."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn. "Kò kú rárá. Ojú ló di."

Ó ṣí ẹ̀yìn aago náà, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí nǹkan kan tí kò tó ojú ẹ̀wà. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn àpótí dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, tí lẹ́tà sì ń yọ jáde láti inú wọn: ASR 15:22, àkókò ìrun Alásàrí.

"Kí ni ẹ kọ sí i?" ni mo bi í.

"Mi ò kọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Dúdú ló pọ̀ jù lójú rẹ̀, ìyẹn ni ẹ ò fi rí i."

"Ẹ̀rí wo ni ẹ ní pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i?"

Ìgbà náà ni ó tó gbé ojú sókè. Ẹ̀rín wà ní ẹnu rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lọ́yà ni yín ni?"

N kò lè sẹ́ ẹ. Mo kàwé òfin ní yunifásítì, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Camberwell, níbi tí a ti ń bá àwọn ènìyàn kọ̀wé sí ìjọba nítorí ìwé ìgbélùú wọn. Iṣẹ́ mi ni láti mú ẹ̀rí lọ́wọ́ kí n sì wádìí ọ̀nà tí ó gbà dé ibi tí mo ti bá a. Mo sọ èyí fún un. Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó fa àga kan jáde, ó ní kí n jókòó.

"Gíláàsì méjì nìyí," ni ó wí. "Nǹkan kan wà láàárín wọn tí kì í ṣe omi, tí kì í sì í ṣe ohun líle. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí iná mànàmáná bá ti kan ojú kékeré kan níbẹ̀, ojú yẹn á yí ara padà, ìmọ́lẹ̀ ò sì ní lè kọjá mọ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti kọjá, òun ni ẹ̀ ń pè ní lẹ́tà."

"Lẹ́tà kan, ojú mélòó?"

"Ogójì. Márùn-ún ní ìbú, mẹ́jọ ní òòró."

Mo gbé aago tí ojú rẹ̀ ti là kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tèmi kò là. Inú mi ń dùn, n kò sì mọ ohun tí ó fà á. Ṣé aago náà ni, àbí àlàyé, àbí ohùn ẹni tí ó ṣe àlàyé? Mo gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò láti Rye Lane dé ilé, n kò rí ìdáhùn tí mo lè fi ọwọ́ sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo padà lọ. Fóònù mi ni mo mú dání, nítorí pé n kò rí ìdí mìíràn tí mo lè fi lọ. Làtíìfù tú u, ó wo inú rẹ̀, ó tò ó padà.

"Kò sí nǹkan tó ṣe fóònù yìí."

"Mo mọ̀," ni mo dáhùn.

Obìnrin tí ó ń ta irun rẹ́rìn-ín sí inú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni mo sọ ọ̀ràn màmá mi fún un. Èmi àti àwọn nìkan ni a jọ ń gbé nínú fúláàtì káńsù kan nítòsí Peckham Rye. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni màmá mi, Hajia Mìsítúrà, ní Ẹdẹ kí wọ́n tó tẹ̀ lé bàbá mi wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kejì tí bàbá mi kú ni àìsàn kan gba etí wọn pátápátá. Ẹnu wọn ṣì mú, ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn bá sọ, àfi kí a kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn. Wọn kò fẹ́ rí fóònù sójú. Bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń dúró sí títí n ó fi dé.

Làtíìfù gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ó gbé àpótí kékeré kan wá sí ilé wa, ó kàn án mọ́ ògiri ìdáná. Ojú gíláàsì onílà méjì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èmi tàbí Làtíìfù bá kọ láti orí fóònù wa yóò hàn níbẹ̀, iná ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì tàn kí màmá mi lè mọ̀.

Màmá mi wọ awò wọn, wọ́n wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó hàn, wọ́n sì wo Làtíìfù bí ẹni tí ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Ta ló ń kọ Yorùbá tí kò ní àmì sábẹ́? Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ kò mọ̀wé."

Làtíìfù họ orí. Ó ṣàlàyé fún mi pé lẹ́tà òyìnbó ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ náà láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè lẹ́tà mẹ́jọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ya tirẹ̀. Mẹ́jọ péré. A jókòó sí tábìlì ìdáná, a fa ìlà sórí bébà, a sì ń kun ojú kọ̀ọ̀kan. A ya ẹ, ọ àti ṣ, kékeré àti ńlá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àmì náà jókòó sí. Àmì ohùn kò lè sí, àyè kò gbà á.

"Méjì ṣẹ́kù," ni mo wí.

Ó ya oṣù lílé sí ọ̀kan. Ó pẹ́ kí ó tó ya èkejì tán. Orí ènìyàn ni, tí ó wé gèlè tàbí tí ó da ìbòrí borí, kò ṣe é mọ̀.

"Ìwọ nìyẹn," ni ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí kò pè mí ní ẹ̀yin nìyẹn.

"Èmi? Kò jọ mí rárá."

"Ojú ogójì péré ni wọ́n fún mi, ààyò mi. Ibi tí mo lè ṣe é dé nìyẹn."

Màmá mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú mi. Wọ́n ṣíjú sí ìkòkò tí ó wà lórí iná bí ẹni pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù lọ láyé.

Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, wọ́n ní lẹ́tà ẹ̀rọ náà ti kéré jù fún ojú wọn. Làtíìfù yọ ojú onílà méjì kúrò, ó fi onílà mẹ́rin tí ó tóbi jù ú lọ sí i, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń gba lẹ́tà ogún. Ohun gbogbo yòókù wà bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kì í gùn. Mo ti kúrò níbi iṣẹ́. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì. Ìlà kan tó wọn.

Ní oṣù kẹwàá ni Làtíìfù ní òun fẹ́ kí n ṣe aya òun. Àwọn ènìyàn rẹ̀ láti Ìsẹ́yìn pe Uncle Sàká lórí fóònù. Àbúrò bàbá mi tí ó ń gbé ní Bermondsey ni Uncle Sàká, ó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì kí ó tó fẹ̀yìn tì, òun ni ó sì dúró bí bàbá fún mi. Kò sí ẹni tí ó rí àléébù lára Làtíìfù. Ó ń kírun, ó ń ṣiṣẹ́, ó mọ àgbà. Ohun kan ṣoṣo ni ó wà nílẹ̀: ilé iṣẹ́ kan ní Leeds, ìlú tí ó jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, ti pè é pé kí ó wá. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pè é wá sí pálọ̀ wa ní ọjọ́ Àìkú kan. Mo jókòó ti màmá mi, mò ń kọ ohun tí olúkúlùkù ń sọ sínú ìwé kékeré fún wọn.

"Làtíìfù," ni Uncle Sàká bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ò gbọ́ràn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. O wá fẹ́ gbé e lọ sí Leeds? Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń ka mítà gáàsì? Wọ́n á kàn án títí, wọ́n á bínú lọ!"

"Uncle, mi ò tíì sọ pé mo máa lọ."

"O ò tíì sọ pé o ò ní lọ náà."

Màmá mi ka ohun tí mo kọ, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Kó má dáhùn lónìí. Kó lọ rò ó. Èmi ni kó dá lóhùn, kì í ṣe Sàká, kì í sì í ṣe Rahmah ọmọ mi. Nílé tiwa, ọmọbìnrin kì í gbé èsì ọkọ fún ìyá rẹ̀. Kó kọ ọ́ sí ẹ̀rọ ìdáná, kí n fi ojú ara mi kà á. Títí di Sunday tó ń bọ̀, kí àwọn méjèèjì má ríra, kí wọ́n má sì jọ jíròrò lórí ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó kàn mí jù lọ láyé, èmi nìkan ni wọ́n ní kí n má lọ́wọ́ sí i. Bí Làtíìfù bá yan Leeds, màmá mi kò ní gbà, n kò sì ní lè fẹ́ ẹ láìjẹ́ pé wọ́n gbà. Bí kò bá yàn án, mo ní ọkọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà. Màmá mi jókòó sí ìdáná. Wọn kò kí mi. Wọ́n na ìka sí ògiri.

Iṣẹ Leeds ti de.
Ni ti Rahmah ọmọ yin
Mo ti jọwọ rẹ.
Ọkan mi ti balẹ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo tún kà á.

"Ó ṣe ọkùnrin," ni màmá mi wí pẹ̀lẹ́. "Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wá jẹun."

N kò lè jẹun. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ni ó kọ́kọ́ bá mi, ìdàrúdàpọ̀ ni. Ẹni tí ó ya orí mi sínú ojú ogójì kò lè fi ìlà mẹ́rin jọ̀wọ́ mi, kí ó sì sọ pé ọkàn òun balẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ jọ̀wọ́ mi, yóò tọrọ àforíjì. Bí kò bá tọrọ àforíjì, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹni tí mo rò. Bí kì í bá ṣe ẹni tí mo rò, ta wá ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti oṣù kẹta?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ sí òfin màmá mi. Mo kọ̀wé sí i láti inú bọ́ọ̀sì: "Ṣé òótọ́ ni ohun tí o kọ sí Mummy?"

Èsì rẹ̀ dé kí n tó sọ̀ kalẹ̀. "Òótọ́ ni. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó."

"Ṣé kò dùn ọ́ ni?"

"Ó dùn mí díẹ̀. Àmọ́ ohun tó tọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ká má jíròrò o, jẹ́ ká dúró di Sunday. Mo fẹ́ràn rẹ, ààyò mi."

Mo kà á títí bọ́ọ̀sì fi gbé mi kọjá ibi tí ó ti yẹ kí n sọ̀. Ẹni tí ó ti jọ̀wọ́ mi ni ó ń pè mí ní ààyò. Mo wá ọ̀nà tí gbólóhùn méjèèjì lè gbà jẹ́ òótọ́ pọ̀, n kò rí i. Ní ọ́fíìsì, mo kọ orúkọ oníbàárà kan sórí lẹ́tà oníbàárà mìíràn, ọ̀gá mi sì ní kí n lọ mu tíì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà, Uncle Sàká já wọlé pẹ̀lú ìbínú. Màmá mi ti kọ ohun tí wọ́n kà sínú lẹ́tà, aládùúgbò kan sì mú un lọ fún un láàárọ̀.

"Mo rí i ní mọ́ṣáláṣí! Ó ń rẹ́rìn-ín, Rahmah! Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, 'Uncle, ó di Sunday o.' Ojú ò tì í! Mo wakọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún nínú Lọ́ńdọ̀nù yìí, mo rí wèrè, mi ò rí irú eléyìí rí."

"Ṣé ó sọ nǹkan mìíràn, Uncle?"

"Ó ní kí n bá òun kí ẹ! Kí n bá a kí ẹ! Èmi!"

Màmá mi ń gé ẹ̀fọ́. Wọn kò gbọ́ ohunkóhun nínú èyí, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé wọ́n ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ohun tí wọn kò ṣe láti ìgbà tí etí wọn ti lọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ gba ìbuwọ́lùwé lọ́wọ́ oníbàárà kan ní Sydenham. Ìgbà tí mo ń bọ̀, wọ́n ń tún ojú ọ̀nà ṣe, bọ́ọ̀sì kò sì lè lọ mọ́. Mo kọ̀wé sí màmá mi kí wọ́n má baà dúró dè mí. Nítorí pé ọkàn mi kò sí níbi kan, mo kọ ọ́ gùn ju bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ lọ: bọ́ọ̀sì ti dúró ní Sydenham, ẹ máa jẹun lọ, mò ń wá ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí mo dé ilé, wọ́n dúró níwájú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú awò lójú.

"Rahmah, wá. Kí ló ń jẹ́ enham? Ṣé oúnjẹ tuntun kan ni? O ní kí n máa jẹun lọ."

Mo wò ó.

Bọọsi ti duro ni Syd
. Mo n wa ọna miran.
enham. Ẹ maa jẹun lọ

Mo mú ìwé kékeré náà, mo kọ ọ́ fún wọn pé Sydenham ni mo kọ, pé n kò mọ ohun tí ó gé e sí méjì.

Màmá mi gbé ìka lé Syd ní ìparí ìlà kìíní. Wọ́n fo ìlà kejì, wọ́n gbé e lé enham ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta. Wọ́n padà sí ìlà kejì. Wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní ní ìwé kíkà. Lójijì ni wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn sì ti yàtọ̀.

"Ọ̀rọ̀ Làtíìfù. Ṣé o rántí ẹ̀?"

Ta ni kò rántí? Wọ́n fa àpòòwé kan yọ, wọ́n kọ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi sísọ́ọ̀sì gé e sí mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé wọn ní Ẹdẹ kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń to gbólóhùn. Wọ́n tẹ́ wọn sórí tábìlì. Wọ́n mú ìlà kẹta, wọ́n gbé e lọ sí ipò kejì.

Iṣẹ Leeds ti de.
Mo ti jọwọ rẹ.
Ni ti Rahmah ọmọ yin
Ọkan mi ti balẹ.

Iṣẹ́ ni ó jọ̀wọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ní tèmi.

Mo bú sẹ́kún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tí n bá dá dúró nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n màmá mi ti jókòó, wọ́n di etí tábìlì mú.

"Inú mi dùn, Rahmah," ni wọ́n wí.

Mo mi orí pé inú tèmi náà dùn.

"Rárá. Ní Ọjọ́bọ̀ ni mò ń wí. Nígbà tí mo kà pé ó ti jọ̀wọ́ rẹ, inú mi dùn. Mò ń wò ọ́ bí o ò ṣe lè jẹun, inú mi ṣì ń dùn, torí o ò ní lọ mọ́. Irú ìyá wo ni mo jẹ́?"

Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo dì mọ́ wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní, "Pè é. Òfin mi ti parí."

Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí ó fi dé, ó sáré débi pé èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo fi ojú ẹ̀rọ náà hàn án, mo fi ìlà mẹ́rin tí a gé hàn án pẹ̀lú. Ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀.

"Subhanallah! Èmi ni. Èmi ni mo fà á. Nínú ẹ̀rọ yìí, ìlà gígùn méjì péré ló wà, kì í ṣe mẹ́rin. Àwọn tó ṣe é ló gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ìdajì ìlà àkọ́kọ́ ló wà lókè pátápátá, ìdajì tó kù bọ́ sí ìlà kẹta. Ó yẹ kí n sọ fún ẹ̀rọ náà pé tó bá ti parí ìlà kan, kó lọ sí èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Mi ò sọ fún un. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fi dán an wò. Ní ti ọ̀rọ̀ tèmi, mo fi àlàfo kún ìlà kọ̀ọ̀kan kí gbólóhùn má baà gé."

"O wá ń rẹ́rìn-ín sí Uncle ní mọ́ṣáláṣí."

"Ṣé kí n máa sunkún ni? Mo rò pé mo ti rí ìyàwó!" Ó wo màmá mi, ó wò mí. "Rahmah, ọjọ́ méjì lo fi rò pé mo ti jọ̀wọ́ ẹ?"

"O sọ fún mi pé òótọ́ ni!"

"Òótọ́ ni!"

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo ìlà kejì yẹn lórí tábìlì, ìbínú kan tí n kò retí dìde nínú mi.

"Ọdún mẹ́ta lo fi wá iṣẹ́ yẹn. O jọ̀wọ́ ẹ̀, o ò bi mí."

"Wọ́n ní kí n má bi ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin mẹ́ta ni ẹ jókòó ní pálọ̀ yẹn, tí ẹ ń sọ bóyá wọ́n á gbé mi lọ tàbí wọn ò ní gbé mi lọ, èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnì kankan ò bi mí bóyá mo fẹ́ lọ."

"Ṣé o fẹ́ lọ ni?"

Mo fẹ́ kí ó ní iṣẹ́ yẹn. N kò fẹ́ fi màmá mi sílẹ̀. Inú mi dùn pé kò lọ, ó sì ń dùn mí pé inú mi dùn.

"N kò mọ̀," ni mo wí níkẹyìn.

"Èmi náà ò mọ̀ bóyá mo ṣe é dáadáa," ni ó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé, nígbà tí mo rò ó pé mo wà ní Leeds, ẹ̀rọ oríṣiríṣi ló yí mi ká, ìwọ ò sí níbẹ̀. Mi ò lè rò ó kọjá ibẹ̀."

Màmá mi ti ń wo ẹnu wa láti ìgbà yìí. Wọ́n gba ìwé kékeré tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ wa sí lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á.

"Làtíìfù, ọmọ mi, ṣé iṣẹ́ yẹn ṣì wà? Bó bá wà, lọ gbà á. Mú Rahmah dání. Màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo fóònù."

Ó kúnlẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹnu rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé náà ni ó kọ ọ́ sí: wọ́n ti fún ẹlòmíràn lánàá.

Màmá mi kà á, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọwọ́ náà kúrò.

Ní ọjọ́ kejì, Uncle Sàká dé pẹ̀lú ojú líle, ó ti múra àtilé ọkùnrin kan síta. Ìgbà tí a ṣàlàyé fún un tán, ó wo ògiri, ó wo Làtíìfù, ó jókòó wọ̀ọ̀.

"Ẹ ní kí n wá lé e. Ẹ tún ní kí n wá mú ọjọ́. Hajia, ìdílé yín ló máa pa mí! Ìwọ Làtíìfù, bí o bá tún ní ọ̀rọ̀ àgbà sọ, gbé ẹsẹ̀ ẹ wá."

"Mo gbọ́, Uncle."

"Saturday kejì nínú oṣù tó ń bọ̀. Ó tán."

Wọ́n so yìgì wa ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa lẹ́yìn ìrun Àílà. Àwọn obìnrin jókòó sí apá òsì, màmá mi sì wà níwájú, níbi tí wọ́n ti lè rí ohun gbogbo láìgbọ́ ohunkóhun. Mo mú ìwé kékeré wá kí n lè kọ ọ̀rọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n di ọwọ́ mi mú ṣinṣin débi pé n kò lè kọ̀wé. Uncle Sàká sọ tirẹ̀, pé òun fi mí fún Làtíìfù. Lẹ́mọ́mù yíjú sí Làtíìfù.

"Mo gbà á," ni Làtíìfù wí. Àwọn ẹlẹ́rìí mi orí.

Lẹ́mọ́mù ti ń ṣí ìwé tí a óò fọwọ́ sí nígbà tí Làtíìfù ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró ná. Ó dìde. Ó yíjú sí apá ọ̀dọ̀ wa, kò wò mí, màmá mi ni ó ń wò. Ó gbé àgbọ̀n sókè kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè bọ́ sí ẹnu rẹ̀, ó sì tún un sọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ètè rẹ̀ ń là tí ó ń pàdé bí ti ẹni tí ó ní gbogbo ọjọ́ nílẹ̀.

"Mo. Gbà. Á."

Màmá mi, tí wọn kò mọ bí ohùn wọn ṣe ń ròkè tó mọ́, dá a lóhùn tí gbogbo mọ́ṣáláṣí fi yíjú padà:

"Mo ti gbọ́!"